Ọ̀sẹ̀ Iléyá tí kọnsóòlù tìlẹ̀kùn mọ́ mi

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Iléyá. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ bí ọ̀sẹ̀ Iléyá ṣe máa ń rí níbí: ọ̀rọ̀ àgbò ló gba ẹnu tọmọdé tàgbà. Ní ilé-iṣẹ́ wa ní Tanke, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń retí owó oṣù, torí Alájà, ọ̀gá wa, ti ṣèlérí pé òun yóò san án ṣáájú ọdún. Orí kọ̀ǹpútà ni ìwé owó oṣù wà. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà náà ni mo fọwọ́ ara mi tì í mọ́ gbogbo wa.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi títí tó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà náà ni pé a ń bá àwọn ilé-ìwé aládàáni ṣètò owó ilé-ìwé àti èsì ìdánwò. A ní oníbàárà ní Ìlọrin, a ní ní Ọ̀fà, ní Àjàṣẹ́-Ìpo, títí dé Òmù-Àrán. Sáfà méjì la ní nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọ́fíìsì Alájà. VMware ESXi 5.5, sọ́fítíwíà tó ń gbé VM sínú sáfà, ló wà lórí àwọn méjèèjì, VM méje ló sì ń gbé inú wọn. Ẹni tí kò bá mọ VM, kọ̀ǹpútà ni, àmọ́ sọ́fítíwíà ni wọ́n fi dá a sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní Windows tirẹ̀, ó ní IP (àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lára. Ẹ ò lè fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ ò sì lè lọ jókòó síwájú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì la ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkíní ni Remote Desktop, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì VM fúnra rẹ̀ nìyẹn ń gbà kọjá. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá pe ènìyàn lórí fóònù: bí fóònù rẹ̀ bá ti kú, ọ̀rọ̀ parí. Èkejì ni kọnsóòlù. Ìyẹn kò bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì VM da nǹkan pọ̀ rárá. Sáfà tó gbé VM sínú ló máa fi ojú VM hàn yín, òun náà ló máa gba ohun tí ẹ bá tẹ̀, tó máa gbé e fún un, bí ẹni pé ẹ jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an. VM tí kò ní IP, VM tí Windows rẹ̀ kò tíì tan tán, kọnsóòlù yóò débẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ la máa ń wá a. Nítorí náà, a lè lo oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, kí a má fojú kàn án. Èmi lò tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Ní ayé vSphere Web Client 5.5, ojú ewé tí a fi ń ṣàkóso àwọn sáfà, inú búráúsà la ti ń ṣí kọnsóòlù, plugin kan (àfikún ètò inú búráúsà) tí wọ́n ń pè ní Client Integration Plugin ló sì ń ṣiṣẹ́ yẹn. Chrome ni mo ń lò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ plugin yìí ṣe jẹ́, torí èmi kò wádìí rẹ̀ títí ó fi bọ́ sórí.

NPAPI lorúkọ ọ̀nà tí irú plugin bẹ́ẹ̀ ń gbà wọ inú búráúsà, ayé Netscape ló sì ti bẹ̀rẹ̀, ní àwọn ọdún 1990. Plugin NPAPI kì í ṣe àlejò tó máa jókòó jẹ́ẹ́ sí pálọ̀. Bó bá ti wọlé, ohunkóhun tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè ṣe lòun náà lè ṣe: yóò ka fáìlì, yóò kọ fáìlì, yóò ṣí ètò mìíràn. Bí plugin bá ní àléébù, ilé lódindi ló ṣí sílẹ̀ fún olè. Ìdí nìyẹn tí Google fi kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 pé Chrome yóò lé gbogbo wọn jáde díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Chrome 42 tì í pa, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì palẹ̀ mọ́: ẹ ó kọ chrome://flags/#enable-npapi sí ibi àdírẹ́sì, ẹ ó sì tan án padà. Mo tan án. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo gbọ́n. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án wọlé, Chrome 45 jáde, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún lọ́wọ́ wa pátápátá. Chrome kì í bi ènìyàn kó tó sọ ara rẹ̀ di tuntun, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjì ni wọ́n fi kìlọ̀, oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣí fèrèsé sílẹ̀. Mi ò lè ní wọn kò sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kéré. Mo fẹ́ yí ètò IP VM tí ìwé owó wà lórí rẹ̀ padà, kí n lè sinmi ọdún láìsí wàhálà. Orí Remote Desktop ni mo wà. Gateway (ẹnubodè tí VM ń gbà jáde lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn) tó yẹ kí n kọ ni 10.10.20.1. Ohun tí mo kọ ni 10.10.2.1. Mo gbé òdo kan mì. Mo tẹ OK, ojú kọ̀ǹpútà náà dúró gbagidi, ó ṣe díẹ̀, ó ní òun ń gbìyànjú láti padà sórí ìlà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, kò burú, kọnsóòlù wà.

Mo ṣí Chrome, mo wọ Web Client, mo tẹ kọnsóòlù VM náà. Dípò ojú VM, ó ní kí n lọ fi Client Integration Plugin sórí kọ̀ǹpútà mi. Plugin tí mo ti ní! Mo tún un fi sí i. Ó ní mi ò ní in. Mo yọ ọ́ kúrò, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tan án, mo tún un fi sí i. Ó ní mi ò ní in. Mo padà sí chrome://flags láti tan kọ́kọ́rọ́ mi, mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára mi, nínú yàrá tí AC ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e ló ń tì mí lójú jù. Mo ní, ṣebí Chrome àtijọ́ ló gbà á, ẹ jẹ́ kí n wá Chrome àtijọ́. Orí ìkànnì kan tí mi ò mọ̀ rí ni mo ti rí i, ìpolówó ọjà bò ó láti òkè délẹ̀, bọ́tìnnì dáńlóòdù mẹ́rin ló sì wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ irọ́. Mo tẹ irọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ búráúsà mi ti yí padà, ìpolówó tẹ́tẹ́ ń yọ lọ́tùn-ún lósì, lórí kọ̀ǹpútà kan náà tí mo fi ń wọ sáfà ilé-iṣẹ́. Nígbà tí mo wá rí ojúlówó Chrome àtijọ́ fi sí i, kí n tó tún Web Client ṣí, ó ti fi dátà mi sọ ara rẹ̀ di Chrome 45 padà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọdún ni mo fi wẹ kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Ẹ má wá sọ́fítíwíà àtijọ́ lórí ìkànnì ẹni tí ẹ kò mọ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa tẹ irọ́.

Alájà yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ìwé owó oṣù kò ṣí lọ́dọ̀ mi o.”

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ fún mi ní wákàtí kan.”

“Wákàtí kan. Àwọn ará Òmù-Àrán náà ti ń pè, wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tó san owó ilé-ìwé.”

Wákàtí kan tí mo tọrọ yìí, mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Bí ẹ bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún ọ̀gá yín pé ẹ kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí aago bá lù, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ń dún létí mi.

Mo gbé mọnítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù, mo wọ yàrá sáfà, mo so wọ́n mọ́ sáfà fúnra rẹ̀. Mo rò pé màá rí VM níbẹ̀. Ojú ewé aláwọ̀ eérú àti ofeefee tí ESXi máa ń gbé jáde ni mo bá pàdé, tó ń sọ pé kí n tẹ F2 tàbí F12. ESXi kì í fi ojú VM hàn lórí mọnítọ̀ tirẹ̀. Mo ti lo ESXi fún ọdún kan ààbọ̀ kí n tó mọ ìyẹn. Mo tún gbé mọnítọ̀ mi padà, àwọn ará ọ́fíìsì ń wò mí bí mo ṣe ń gbé e lọ, tí mo ń gbé e bọ̀.

Aago méjìlá kọjá kí n tó gbé ìgbéraga sílẹ̀, kí n pe ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́. Èkó ló wà. Ó kí mi kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, mo dáhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà bí ẹni tí nǹkan kò ṣe, kí n tó kó ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀.

Ó ní, “DVD vCenter yín dà?” vCenter ni ètò tó ń ṣàkóso gbogbo sáfà ESXi papọ̀.

Mo ní, “Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ Alájà, sà.”

“vSphere Client wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti búráúsà, èyí tí wọ́n ń fi sórí Windows. Fi sí i, fi wọ vCenter, ṣí kọnsóòlù láti ibẹ̀. Kí lo ń wá lọ sínú Chrome?”

Dátà tí mo ti jó láti òwúrọ̀! Ètò tí mo nílò wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá mi, nínú àpò bébà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra sáfà. Wọ́n ti ń sọ pé ètò yẹn ti di ti àtijọ́, pé Web Client ni ká máa lò, èmi náà sì ti gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Flash (ètò Adobe tó ń gbé àwòrán jáde nínú búráúsà) àti plugin ni Web Client gbé ara lé, àwọn méjèèjì ló sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Arúgbó inú dúrọ́ọ̀ kò bẹ̀ búráúsà kankan.

Mo fi sí i. Mo wọ vCenter. Mo tẹ kọnsóòlù. Ojú dúdú ṣú. Lókè rẹ̀, ìlà kan: “Unable to connect to the MKS.”

MKS ni máòsì, kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà. Ó ń sọ fún mi pé òun kò rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo tún gbìyànjú Internet Explorer, torí plugin tirẹ̀ kì í ṣe NPAPI, Chrome kò sì lè pàṣẹ fún un. Mo kọ́kọ́ ní láti fi Flash sí i lọ́tọ̀, torí Flash ti Chrome kò kan IE ní Windows 7. Ó ṣí. Kọnsóòlù jáde. Ojú dúdú, ìlà kan náà.

Níbẹ̀ ni orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n bí ètò méjì tí wọn kò bá ara wọn tan bá ń ké igbe kan náà, ó yẹ kí ènìyàn fi ètò sílẹ̀, kó wo ọ̀nà. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bú Chrome. Mo kúrò lórí búráúsà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé: ibo gan-an ni àwòrán kọnsóòlù ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi?

Kì í gba inú vCenter. Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ nìyí. vCenter ń ṣe bí alárinà: yóò yẹ̀ yín wò, yóò fún yín ní ìwé àṣẹ, yóò sì ní kí ẹ lọ bá sáfà tó gbé VM náà sínú fúnra rẹ̀, lórí port 902 (port ni ilẹ̀kùn tí ètò kan ń gbà wọ kọ̀ǹpútà). Kọ̀ǹpútà yín àti sáfà yẹn ni yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Port 9443 tí a fi ń wọ Web Client kò tó.

Ta ló ti 902? Èmi ni. Ní oṣù Kẹjọ, mo pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ lápá kan, sáfà lápá kejì, mo fi firewall (asọ́bodè nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sáàárín, mo ní 443, 9443 àti Remote Desktop nìkan ló gbọ́dọ̀ kọjá. Gbogbo ènìyàn kí mi kú iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ṣí kọnsóòlù kankan lẹ́yìn rẹ̀ láti wò ó. Plugin Chrome ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá wà láàyè pàápàá, kò ní rí ọ̀nà kọjá. Òkú plugin ló bo ẹ̀ṣẹ̀ tèmi mọ́lẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin.

Mo ṣí 902. Ojú ṣì dúdú. Àṣé ó tún ku ọ̀kan: vCenter kì í fún kọ̀ǹpútà yín ní IP sáfà, orúkọ sáfà ló ń fún un bí orúkọ ni ẹ fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tèmi kò mọ orúkọ yẹn, torí mo ti yí DNS rẹ̀, ètò tó ń sọ orúkọ di IP, sí ti ìta kí íntánẹ́ẹ̀tì mi lè yá. Mo ping orúkọ náà (mo pè é wò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kò dáhùn. Mo ping IP rẹ̀, ó dáhùn. Ẹ ṣe ìdánwò kékeré yìí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo kọ IP àti orúkọ sáfà méjèèjì sínú fáìlì hosts tó wà ní C:\Windows\System32\drivers\etc, mo pa kọnsóòlù, mo tún un ṣí.

Ojú Windows yọ. Mo pariwo. Ẹni tó wà ní yàrá kejì rò pé iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì gbé mi.

Ó ní kí n tẹ Ctrl+Alt+Delete. Mo tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà tèmi ló dá mi lóhùn. Ctrl+Alt+Insert ni wọ́n ń tẹ̀ nínú kọnsóòlù VMware, ìyẹn ló máa dé ọ̀dọ̀ VM. Ìyẹn kò gbà mí lásìkò. Ohun tó gbà mí lásìkò ni ọ̀rọ̀ aṣínà.

Mo kọ ọ́. Ó ní kò tọ̀nà. Mo tún un kọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò tọ̀nà. Mo ṣí ìwé tí mo kọ ọ́ sí, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ní wọ́n ti ti àkáǹtì náà pa. Òfin tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ ni: ìgbà márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo dìde, mo lọ ṣàlùwàlá, mo kírun Aláásárì. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbàdúrà dáadáa, torí ọ̀rọ̀ aṣínà ni mò ń tún sọ nínú ọkàn mi.

Lórí ẹní ìkírun ni ó ti wá sí mi lọ́kàn. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni tèmi, láti Ìlú Ọba ló ti wá. Bí ẹ bá wo kíbọ́ọ̀dù irú rẹ̀, @ wà nítòsí Enter, lórí àmì ìkékúrú ('). Lórí kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, orí 2 ló wà. Kọnsóòlù kì í gbé lẹ́tà ránṣẹ́. Ipò tí ìka yín tẹ̀ ló ń gbé ránṣẹ́, VM ni yóò sì fún ipò yẹn ní ìtumọ̀. VM wa gbà pé kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni. Bí mo bá tẹ @, " ló ń rí. Remote Desktop kò fi ìṣòro yìí hàn mí rí, torí òun máa ń sọ fún Windows irú kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò nígbà tí ẹ bá wọlé.

Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, mo kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà síbi orúkọ, níbi tí lẹ́tà ti ń hàn, kí n lè rí ohun tí VM ń rí. Lóòótọ́, " ló wà níbẹ̀. Mo pa á rẹ́. Mo padà síbi ọ̀rọ̀ aṣínà, mo tẹ Shift àti 2. Mo wọlé. Mo dá òdo padà síbi tí mo ti gbé e mì. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn kan rí owó wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn yòókù rí tiwọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Alájà kò bú mi. Ó kàn ní, “Wákàtí kan yìí gùn o.” Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n láti dúpẹ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí Chrome dé orí @, mo tiẹ̀ ń yangàn díẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“O ní gateway nìkan lo kọ ṣì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“VM mẹ́fà yòókù ńkọ́, ṣé apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni gbogbo wọn wà?”

“Apá kan náà ni, sà.”

“Kí ló dé tí o kò fi Remote Desktop wọ ọ̀kan nínú wọn, kí o sì ti ibẹ̀ wọ èyí tó bàjẹ́? Ṣé aládùúgbò máa ń gba ẹnubodè kó tó wọ ilé kejì ni?”

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òótọ́ ni. Gateway kò kan ẹni tó wà ní àdúgbò kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìbá gbà mí. Ẹ̀rín tí ẹ̀gbọ́n rín lọ́jọ́ náà, bí mo bá pè é lónìí, yóò tún un rín.

Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀ pátápátá pé n kò ronú kan ìyẹn. Bí mo bá gbà á wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, 902 ì bá ṣì wà ní títì, DNS mi ì bá ṣì wà ní ìdàkudà, n kì bá sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí VM kan yóò kọ̀ láti tan láàárín òru.

Lẹ́yìn ọdún, mo yí ìwà padà. Mo sún vCenter wa síwájú kí a lè máa lo VMRC, ètò kọnsóòlù tí VMware ṣe láti dá dúró láìsí plugin: ẹ tẹ ìlà kan nínú búráúsà, búráúsà kàn pe ètò náà lórí Windows, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Nígbà tí ESXi 6.0 Update 2 dé ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Host Client tirẹ̀ wà nínú sáfà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ https, IP sáfà àti /ui, kọnsóòlù yóò ṣí nínú búráúsà lásán, HTML5 ni, kò béèrè Flash, kò béèrè plugin, kò tiẹ̀ béèrè vCenter. Nígbà tí Firefox 52 náà lé gbogbo plugin NPAPI jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017, tó fi Flash nìkan sílẹ̀, mi ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kan IP VM kankan láìkọ́kọ́ ṣí kọnsóòlù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n sì wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ pátápátá. Kí ojú rẹ̀ yọ nìkan kò tó, ẹ ti rí ohun tí @ fi mí ṣe. Bí mo bá tún fọwọ́ kan firewall, kọnsóòlù ni mo máa ń kọ́kọ́ dán wò.

Ọ̀kan tún wà tí mo bá pàdé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti ilé ní Gáà-Akánbí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù. Mo bá tẹ ipconfig, ohun tó ń hàn nínú kọnsóòlù ni iippppconfiig. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ ló fà á: ìròyìn pé mo ti gbé ìka kúrò máa ń pẹ́ dé, VM yóò rò pé mo ṣì tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀. Ẹ pa VM náà, ẹ fi ìlà yìí kún ètò rẹ̀: keyboard.typematicMinDelay = "2000000". Ó tán síbẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àbúrò kan tó ń tọ́jú sáfà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀fà pè mí. Ó ti kí mi tán kí n tó gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn rẹ̀. Adobe ti dẹ́kun Flash ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, Flash fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣí ohunkóhun. Web Client àtijọ́ tí wọ́n ń lò di ojú ewé òfìfo. Ó ní òun ti rí ọgbọ́n kan dá: òun ti dá ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà òun padà sí oṣù Kejìlá 2020, Flash sì gbà.

Mo ní, “Ó gbà?”

Ó ní, “Ó gbà, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n n kò lè wọ dómèènì mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà mi kò ṣiṣẹ́.”

Kerberos, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dómèènì Windows, kì í gbà kí aago ènìyàn fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún yàtọ̀ sí tirẹ̀, bí a kò bá yí i padà. Ẹni tó fi odindi oṣù kan padà sẹ́yìn kò lè wọlé. Mo ní kó dá aago rẹ̀ padà, kó kọ IP sáfà àti /ui, kó wọlé pẹ̀lú root, àkáǹtì ọ̀gá sáfà. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ṣí! Ojú VM yọ. Àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà VM náà kò tọ̀nà.”

Mo bi í pé, “@ wà nínú rẹ̀?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Ní ilé-iṣẹ́ tiwa, láti ọ̀sẹ̀ Iléyá yẹn títí di òní, kò sí @ nínú ọ̀rọ̀ aṣínà wa kankan. Ẹni tó bá fẹ́ jalè lè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti ibẹ̀.